Sed ń rí «ọlọpa» nínú fáìlì kan, ó ń fò ó nínú òmíràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí Linux, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní fódà kan tó kún fún fáìlì .txt, ìròyìn Yorùbá tí oríṣiríṣi èèyàn tẹ̀. Mo fẹ́ yí «ọlọpa» padà sí «ọlọ́pàá» nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ tí mo lò nìyí (grep ń wá fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, sed ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà):

grep -rlZ 'ọlọpa' . | xargs -0 sed -i.bak 's/ọlọpa/ọlọ́pàá/g'

Ó yí àwọn kan padà. Àwọn yòókù, ó fò wọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mò ń fojú ara mi rí i!

Mo wá fi hexdump -C, tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, tú wọn wò. Nínú fáìlì tó gbọ́ràn, «ọ» jẹ́ e1 bb 8d. Nínú èyí tó ṣorí kunkun, 6f ni, ìyẹn o lásán, cc a3, ìyẹn àmì ìsàlẹ̀, ló wá tẹ̀ lé e. Lójú tèmi ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ sed ò gbà bẹ́ẹ̀. (Bóyá kíbọọ̀dù fóònù ló fà á, mi ò mọ̀.)

Mo rí uconv -x any-nfc, tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì tún un ṣe dáadáa, àmọ́ ojú ìwé tẹ́mínà ló ń da èsì sí. Báwo ni mo ṣe lè mú un gba inú gbogbo fódà náà kọjá, títí kan àwọn fáìlì tí àlàfo wà nínú orúkọ wọn, kó sì kọ èsì padà sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan? Àbí èdè kọ̀ǹpútà Perl ló máa yá jù? Ubuntu ni mò ń lò.