Ìrànwọ́ ìjọba fún ọgbà pecan tí ìjì Helene bàjẹ́ ní Georgia

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi àti ọkọ mi ní ọgbà kékeré kan tí a gbin igi pecan sí (igi tó ń so èso eléèpo líle), nítòsí Valdosta ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjì Helene jà ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, igi 140 ló wó nínú 400 tí a ní, tèso-tèso. Àwọn aládùúgbò ní ìjọba àpapọ̀ máa ń san owó pàjáwìrì fún àgbẹ̀. Ṣé owó náà kárí igi àti èso? Ṣé a sì lè gé àwọn tó wó kúrò báyìí, nítorí wọ́n ti dí ọ̀nà pa?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé igi kankan. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tó wó ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán wọn kí gbòǹgbò tó hú síta hàn kedere, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì FSA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́) ní káúntì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i.

Ètò tó wà fún igi ni Tree Assistance Program, tí gbogbo wa ń pè ní TAP, ọjọ́ 90 péré sì ni ẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ti ọdún 2024, igi tó kú gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó máa ń kú lọ́dọọdún. Ìdá 35 ni tiyín, nítorí náà ẹ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ṣùgbọ́n wọn kò ní sanwó lórí igi 60 àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá 15 náà. Lórí nǹkan bí 80 tó kù ni wọn yóò ti dá ìdá 65 owó àtúngbìn padà fún yín, pẹ̀lú ìdá 50 owó tí ẹ bá fi palẹ̀ mọ́ tàbí tí ẹ fi gbé àwọn ọ̀dọ́ igi tó kàn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nàró. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ náwó, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Ìdáhùn kejì

TAP kò san kọ́bọ̀ lórí èso. Bí ẹ kò bá ní ìdójútòfò, àfi kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin tuntun, ìyẹn kì í sì í yá. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìjì Michael bà wá jẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin owó náà, ó sì di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba fọ́ọ̀mù. Ó dùn mí pé àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè ní bánkì ni wọ́n ní kó dúró tó bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bó bá jẹ́ àwa la ó kọ́kọ́ náwó, níbo ni a ti fẹ́ rí i?

Ìdáhùn kẹta

FSA kan náà ń yá àgbẹ̀ lówó pàjáwìrì, tó lè tó dọ́là 500,000, láàárín oṣù mẹ́jọ tí ìjọba bá ti kéde káúntì yín mọ́ ibi tí àjálù bá. Ṣùgbọ́n gbèsè tó ní èlé ni, igi pecan tuntun sì lè gbà tó ọdún mẹ́wàá kó tó so dáadáa. Èmi ì bá yá kìkì iye tí TAP yóò dá padà.