SSD mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, tí ilẹ̀ bá mọ́ kò ní jí

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbé òòlù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà lọ́wọ́ mi, ó ti pẹ́, bíi 2010, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Ó ti di ìgbín: tí mo bá tan án, mo lè lọ wẹ̀ kí n sì padà dé kó tó ṣí tán. Mo ra SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó yá ju háàdì dísìkì lọ) 240GB ti SATA, ìyẹn irú wáyà àti ihò tí dísìkì fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo wọ BIOS (ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó jí), mo yí SATA kúrò ní IDE sí AHCI (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà lè gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, IDE ni ti àtijọ́) bí mo ṣe kà á, mo wá fi Windows 10 tuntun sórí rẹ̀. Háàdì dísìkì àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ nítorí àwọn fọ́tò mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn kọjá ààlà. Kì í pẹ́ kó tó ṣí rárá. Mo pa á, mo tan án, bíi ìgbà mẹ́rin, kò kọ̀ rí. Nígbà tó dalẹ́, mo pa á, mo yọ ọ́ kúrò lára iná bí mo ṣe máa ń ṣe. Ilẹ̀ mọ́, ojú búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, ìyẹn ni pé Windows kò rí dísìkì tó máa fi jí. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí BIOS títí dé Windows. Ó ṣiṣẹ́ títí di alẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú búlúù yẹn kan náà. Kí ni mo ṣẹ̀ ẹ́?

Kò-sí-wàhálà:
Ayédèrú ni SSD yẹn. Ẹ dá a padà kíá. Irú rẹ̀ ṣe mí rí, mi ò tilẹ̀ bá a jiyàn, mo dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bàbá Wáyà:
Ẹ dúró ná. SSD tó bá bàjẹ́ kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi CrystalDiskInfo (ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò) wò ó, ẹ wo ìlà C7, èyí tí wọ́n kọ UDMA CRC Error Count sí. Tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, wáyà dátà tàbí ihò tó wọ̀ ni ọ̀tá yín, kì í ṣe SSD. Ẹ tún wo ibi tó ti ń gba iná. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń sọ Molex (ẹnu wáyà iná àtijọ́) di SATA lẹ lò, tó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n da rọ́bà pọ̀ mọ́ lórí, ẹ yọ ọ́ lónìí. Wáyà inú rẹ̀ lè kan ara wọn, mo ti rí èyí tó yọ́ pátápátá rí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Odo ni C7, ẹ̀gbọ́n. Wáyà iná SATA gidi ni mo sì lò.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, ìbéèrè méjì péré. Nígbà tí o padà wọ BIOS lẹ́ẹ̀kejì, kí lo bá níbẹ̀, IDE àbí AHCI? Aago kọ̀ǹpútà yẹn ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
IDE ni mo bá, mà. Mo rò pé mi ò tẹ F10 tó ń fi ètò pamọ́ dáadáa ni, mo bá tún un yí. Aago… háà! January 2010 ló wà níbẹ̀. Gbogbo ojúlé tí mo ṣí ló ń kìlọ̀ fún mi pé ìwé ẹ̀rí wọn ò bá ìgbà mu, mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe wèrè.

Ìyá Ìbejì:
Bátìrì ni. Wo orí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́), wàá rí ọ̀kan pẹlẹbẹ tó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Òun ló ń bá BIOS rántí aago àti gbogbo ètò tí o ṣe síbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lára iná, bí o tilẹ̀ pa á, iná díẹ̀ ṣì ń wọ inú motherboard, ìyẹn ni kò fi gbàgbé lọ́sàn-án. Tí o bá yọ ọ́ lára ògiri lálẹ́, bátìrì nìkan ló kù, òun náà sì ti kú. BIOS á padà sí bí wọ́n ṣe kó o jáde láti ilé iṣẹ́, IDE nìyẹn lórí tìrẹ. Windows tí o fi síbẹ̀ nígbà AHCI kò gbé dráífà IDE (ètò tó máa fi bá dísìkì sọ̀rọ̀ lọ́nà IDE) lọ́wọ́ nígbà tó ń jí, kò rí dísìkì tó wà lórí rẹ̀ mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí bátìrì yẹn ti kú tipẹ́. Lórí IDE ni Windows àtijọ́ rẹ wà, bí BIOS bá gbàgbé, ibi tó bá a náà ló máa padà sí. Ta ló máa fura? Èyí tó dùn mí jù ni Windows tí o tún fi sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní o kàn yí i padà sí AHCI ni, ì bá jí.

Yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iná tó kù lè jáde, kó o tó yọ bátìrì. Ojú tó ní + ló ń wò òkè. Lẹ́yìn náà tún aago ṣe, AHCI, fi SSD ṣáájú nínú àwọn tí yóò jí, F10.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ ṣeun gan-an, mà! Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo yọ kọ̀ǹpútà lára iná láti àná, ó jí láàárọ̀ yìí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ mo yọ háàdì dísìkì àtijọ́ láti dán an wò, ó ní òun ò rí ohun tí òun máa fi ṣí. Mo dá a padà, ó ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, eré tí SSD ń sá kò ju 270MB/s lọ, 550 ni wọ́n kọ sára páálí.

Bàbá Wáyà:
Dísìkì àtijọ́ wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fi Windows sí i, àbí? Orí ẹ̀ ni Windows lọ kó ohun tó fi ń jí sí. Ẹ dá dísìkì méjèèjì padà, ẹ ṣí Command Prompt bí alákòóso, ẹ tẹ `diskpart`, ẹ fi `select disk` àti `select partition` mú ibi tí Windows wà lórí SSD, ẹ wá tẹ `active`. Ẹ fi bó ṣe tóbi tó dá a mọ̀ o, ẹ má lọ mú dísìkì fọ́tò. Ẹ jáde, ẹ tẹ `bcdboot C:\Windows /s C: /f BIOS`. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí SSD dá jí.

Ti eré, SATA 2 ni ihò yẹn, 3Gb/s, 270 sì ni ìwọ̀n tó lè gbà. Ẹ má torí ẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló ń jẹ́ kó yá, bí SSD ṣe ń tètè rí fáìlì kéékèèké ni, ìyẹn sì wà níbẹ̀ pé pérépéré.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ó ti dá jí, dísìkì àtijọ́ wà lórí tábìlì níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n, mà, ọwọ́ yín kò ní rọ.

Kò-sí-wàhálà:
Ẹ dákun, kọ̀ǹpútà tèmi tí mo torí ẹ̀ dá SSD padà lọ́jọ́sí, January 2009 ló máa ń wà lórí aago ẹ̀ láàárọ̀. Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ tú u wò.