Mo ti sọ pé mo dárí jì í, ó wá tún ní kí n kọ lẹ́tà

Ìyàwó Míṣọ́nárì:

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún ń pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere ní Baruten, lókè lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Baatonu. Ọdún kẹfà wa nìyí. Abúlé wa kò ní omi ẹ̀rọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò á gbẹ ku ihò iyanrìn, àwọn obìnrin á máa jí láago mẹ́ta òru lọ gbẹ́ ẹ, wọ́n á máa fi igbá bu omi díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sun. Èmi náà ń bá wọn lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè wọn, torí kí ni èèyàn fẹ́ ṣe nídìí omi tí kò yá, bí kò ṣe kó máa sọ̀rọ̀?

Ní 2023, ẹgbẹ́ àdúrà tí a ti jọ wà látìgbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ gíga dáwó kànga fún wa. ₦1,600,000 ni wọ́n dá. Ọwọ́ bùrọ̀dá kan ni owó náà gbà kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, òun ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. ₦700,000 ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ìyókù ń bọ̀. A gbẹ́ kànga náà títí a fi kan òkúta. Ó ku ká fọ́ òkúta, ká sì to òrùka kọnkéré sínú rẹ̀ kó má baà ya. Owó kò dé, òjò ló dé. Kànga náà ya lóru ọjọ́ kan, ó sì dí. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni nítòsí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ihò yẹn ní "kànga àwọn onígbàgbọ́". Bí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò, wọ́n á ní tó bá dé ibi kànga àwọn onígbàgbọ́, kó yà sọ́tùn-ún. Mo máa ń gbọ́ ọ.

Oṣù tó kọjá ni bùrọ̀dá yìí pè wá, tó sunkún. Ó ní òun fi owó náà ra ọjà, òun rò pé òun á ti dá a padà kí a tó nílò rẹ̀, ọjà sì kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó bẹ̀ wá gidi. Mo sọ lórí fóònù pé mo dárí jì í. Mo sì rò pé òótọ́ ni mo sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tún pè. Ìjọ rẹ̀ fẹ́ fi í jẹ díákónì, àwọn tó ń bójú tó owó ẹgbẹ́ àdúrà sì ti ń bi í ní ìṣirò. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó wa nílé, ìdí nìyẹn tó fi ní kí n kọ lẹ́tà pé gbogbo owó dé. Ó ní, "Bó o bá ti dárí jì mí lóòótọ́, kí ló wá le níbẹ̀?" Ọkọ mi náà ní kí n kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀.

Mi ò tíì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò lè gba Àdúrà Olúwa dópin mọ́. Bí mo bá ti dé ibi "dárí gbèsè wa jì wá", ẹnu mi á wúwo. Iwájú àwọn obìnrin tí mò ń kọ́ ní àdúrà náà gan-an ló ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti dárí jì í, àbí ẹnu lásán ni? Ṣé kí n kọ lẹ́tà yìí?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ìfaradà, ọmọ mi. Omi ojú bọ́ lójú mi níbi kànga yẹn. Tèmi ni pé kí ẹ kọ ọ́. Pétérù sọ pé ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó ti lọ, kò lè padà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ogún ọdún bá a lọ. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Akápò Ìjọ:

Màmá, ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tọ́jú owó ìjọ. Arábìnrin, lọ́jọ́ tí ẹ bá buwọ́ lu lẹ́tà yẹn, ẹ̀yin ni ẹ jẹ ₦900,000. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹnì kan nínú àwọn tó dáwó bá wá kí yín, tó rí ihò yẹn, ta ni yóò bi? Ìwé ti sọ pé owó pé lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé, òun ló ká mi lára jù. Ohun tó kan ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ lè dárí rẹ̀ jì í. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń jí láago mẹ́ta ńkọ́? Àwọn ni wọ́n ni kànga. Ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ wọ́n. Ẹ kò lè bá wọn dárí jini lẹ́yìn wọn.

Ti díákónì tó ń wá, Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kí wọ́n kọ́kọ́ dán irú wọn wò ná. Ìdánwò náà ni wọ́n ń ṣe fún un yìí. Bí lẹ́tà irọ́ bá bá a kọjá, owó àwọn opó ìjọ ló ń lọ tọ́jú o.

Ìyá Ìbejì:

Akápò, ẹ ṣeun. Mi ò ronú kan àwọn obìnrin yẹn, mo jẹ̀bi. Mo fa ti lẹ́tà padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí fún ọkùnrin náà. Ẹni tó pe èèyàn fúnra rẹ̀ tó sunkún kì í ṣe olè bí olè. Ẹ má jẹ́ ká jù ú nù.

Ọmọ Ìlú Ọba:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. London ni mo wà, mo wà lára àwọn tó máa ń dá irú owó báyìí. Kúkúrú ni tèmi: ẹ sọ òótọ́ fún wa. Mo ti dáwó sí ibì kan rí tí wọ́n ń kọ̀wé ìdùnnú sí wa fún odidi ọdún méjì, tí kò sì sí nǹkan kan nílẹ̀. Kì í ṣe owó ló dùn mí. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láràárọ̀ lórí ohun tí kò sí.

Bàbá Olùkọ́:

Ọmọ mi, ibi tí ẹnu yín ti ń wúwo ni mo fẹ́ bá yín dé, nítorí ọ̀rọ̀ "gbèsè" yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ ṣí Mátíù 18. Ọba dárí ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì ji ìránṣẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ náà jáde, ó di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí ọgọ́rùn-ún owó dínárì. A máa ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé owó ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tó nǹkan. Ẹ wo Mátíù 20, dínárì kan ni owó iṣẹ́ alágbàṣe fún ọjọ́ kan. Ọgọ́rùn-ún dínárì jẹ́ iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́! Ta ni wọ́n máa jẹ ní owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò ní dùn? Jésù kò pè é ní ohun kékeré. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí ẹgbàáta dínárì, ẹ bá mi fi ẹgbàárùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Ibẹ̀ ni Jésù ní ká máa wò.

Ọba náà, kó tó dárí jini, ìṣirò ló kọ́kọ́ jókòó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n dárúkọ iye, gbèsè náà hàn kedere, lẹ́yìn náà ni ó fà á ya. Ohun tí bùrọ̀dá yín ń wá ni kí ẹ fa ìwé ya kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọmọ ilẹ̀ wa wá. 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní 1846. Nígbà tó dàgbà, ó ń wọ ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí lẹ́bàá Odò Ọya, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn kan náà wà nínú àwọn tó kó ìlú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ mọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ní 1837, ó ti kọ lẹ́tà kan nípa ọjọ́ náà: iná tó jó ìlú, okùn tí wọ́n fi so wọ́n lọ́rùn bí ewúrẹ́, bí wọ́n ṣe fipá yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ìdáríjì kò gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó Míṣọ́nárì:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka tiyín sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi lábẹ́ igi èmí, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dìde lọ sóko.

Aya Olùṣọ́àgùntàn:

Arábìnrin mi, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀ díẹ̀. Owó ni ẹ̀yin pàdánù, òun pàdánù ọ̀rẹ́. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà yẹn nìkan ló rí bí ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ náà fi lè padà wá. Ẹ má bá a jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì. Ẹ kàn ṣe oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹ sì bi í léèrè bí àwọn méjèèjì ṣe kọ́kọ́ pàdé.

Ará Ojú Iṣẹ́:

Ojú iṣẹ́ ni èmi náà wà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ti àdúrà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe mí ní ohun kan rí. Fún oṣù mẹ́jọ, gbogbo ohun tí mo lè ṣe nínú àdúrà ni kí n dárúkọ rẹ̀, kí n sì dákẹ́. Mi ò lè sọ "bù kún un". Mo gbìyànjú rẹ̀, ó ń dún bí irọ́ létí ara mi. Orin Dáfídì 55 ló gbà mí. Dáfídì ní ká ní ọ̀tá ló gàn mí, ǹ bá fara dà á, ṣùgbọ́n ìwọ ni, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run. Ó bínú nínú Orin yẹn débi tó fi ní kí ikú wá mú wọn! Nínú Orin kan náà ló tún ti sọ pé, "Kó ẹrù rẹ lọ sí ara Olúwa." Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló kó ìbínú náà lọ, kò kó o lọ bá ọkùnrin yẹn. Mò ń kà á lóhùn òkè, nínú yàrá, láràárọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ni mo tó lè ní kí Ọlọ́run tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ẹ tún sọ fún àwọn obìnrin yẹn o. Bí ẹ bá dé ibi gbèsè tí ẹnu yín sì wúwo, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti rí i kẹ̀! Àwọn tí ẹ jọ ń gbẹ́ iyanrìn lóru, ẹ rò pé wọn ò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe yín?

Akápò Ìjọ:

Àti pé láti ìsinsìnyí lọ, kí owó má gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì. Kí ẹni méjì máa buwọ́ lù ú, kí àwọn tó dáwó sì máa rí iye tó jáde àti iye tó dé lọ́jọ́ kan náà. Èyí kì í ṣe àìdáríjì. Ààbò ni fún bùrọ̀dá náà fúnra rẹ̀. Máàkù já Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Pámfílíà, Pọ́ọ̀lù kò sì gbà kó tún bá wọn lọ, títí òun àti Bánábà fi yapa lórí rẹ̀. Ọdún gorí ọdún kó tó kọ̀wé pé kí wọ́n mú Máàkù wá, ó wúlò fún òun.

Ìyàwó Míṣọ́nárì:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo sọ fún àwọn obìnrin náà, ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nídìí omi. Mo ní owó kànga wọn ni ẹnì kan ná, ó ti bẹ̀ mí, ọkàn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó tì mí wá bi mí pé: "Ṣé ó mọ̀ pé ó ya?"

Mi ò lè dáhùn. Mi ò sọ fún un rí. Nígbà tó ń sunkún lórí fóònù, mo yára sọ pé kò burú, kò burú, torí ojú ń tì mí fún un. Kò mọ̀ pé kànga náà ya, kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Mo dárí ohun tí òun gan-an kò mọ̀ pé òun ṣe jì í.

Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà. Òun nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, bí Mátíù 18 ṣe wí, láàrin àwa àti òun ná. Mo kọ ọ́ pé ₦700,000 dé, ₦900,000 kò dé. Mo sọ bí kànga ṣe ya àti ohun tí wọ́n ń pè é. Mo ní a ti dárí jì í, a ò ní pe ọlọ́pàá, a ò sì ní í fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń bójú tó owó ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí, bó bá sì fẹ́, ọkọ mi á bá a lọ, á jókòó tì í. Bí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹgbẹ́, òótọ́ ni a máa kọ.

Mo fi lé ọkọ mi lọ́wọ́ kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba fóònù, ó fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, wá wo kànga náà. Yàrá rẹ ṣì wà níbí."

Ó ti kà á láti àná, mo rí i pé àmì náà ti di búlúù. Kò tíì fèsì. Ẹ bá wa máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí. Ẹ jẹ́ kí n sáré, wọ́n ti ń pè mí níta, ilẹ̀ á mọ́ bá wa nídìí omi.