Àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà nígbà tí akọ ń gun abo: kí lojú yín rí?

Àkàndé_PA: Ẹ̀yin ọdẹ ilé, oṣù kọkànlá dé, orí àwọn akọ àgbọ̀nrín onírù funfun ti dàrú ní Pennsylvania níbí. Wọ́n ń fi ìwo bó èèpo igi, wọ́n ń fi pátákò ha ilẹ̀, wọ́n á sì tọ̀ sí i. Lánàá tí mo wà lórí ẹ̀gùn, abo kan sá kọjá lábẹ́ mi, akọ ńlá kan tẹ̀ lé e, imú nílẹ̀, ó ń hùn bí ẹlẹ́dẹ̀. Kò tilẹ̀ wòkè. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_MD: Èmi ò dẹgbó o, òun ló dẹ mí. Mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, abo kan ré títì kọjá, mo tẹ bíréèkì, mo ní ó ti tán. Bí mo ṣe fẹ́ gbéra báyìí, akọ tó ń lé e forí gbá ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀gbẹ́ ló ti gbá mi o! Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ń lé ìyàwó lọ.

Ṣọ̀únṣọ̀ún: Ẹ kú ewu. Ta ló sanwó ilẹ̀kùn?

Ìyá_Ìbejì_MD: Bàbá Ìbejì ní kí n lọ gbà á lọ́wọ́ ìyàwó yẹn.

Ògúndé_Alabama: Àkàndé, oṣù kọkànlá tiyín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, ó di oṣù kìíní.

Àkàndé_PA: Ẹ̀gbọ́n, ojúmọmọ tó ń kúrú ló ń gbé wọn dìde. Ṣé ojúmọmọ Alabama kì í kúrú ni?

Ògúndé_Alabama: Ó ń kúrú. Àmọ́ nígbà tí ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tibí tán, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kó òmíràn wá, ìran kọ̀ọ̀kan sì mú àsìkò tirẹ̀ dání. Lọ béèrè ní gúúsù Florida: àwọn kan ń gùn níbẹ̀ láti oṣù keje.

Láyíwọlá_TX: Gúúsù Texas, oṣù kejìlá ni. Mo ń gbá ìwo méjì mọ́ra nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún kó lè dún bí ìjà akọ. Ọ̀gbẹ́ni kan já jáde, irun ẹ̀yìn ti nàró. Kí n tó gbé ìbọn, afẹ́fẹ́ yí, ó gbóòórùn mi, ó pòórá.

Ṣọ̀únṣọ̀ún: Ẹ̀yin ọdẹ àti irọ́! Èyí tí a ò rí òkú ẹ̀ ló máa ń tóbi jù.

Àwẹ̀ró_Ohio: Ta ló tiẹ̀ ń jẹ akọ àsìkò yìí? Kì í ráyè jẹun, ó lè jó tó ìdá kan nínú márùn-ún ara ẹ̀ dànù. Ẹran ọ̀hún wá ń rùn!

Láyíwọlá_TX: Àǹtí, ẹni tó kun ún ni kò mọ̀ ọ́n kun. Irun dúdú tó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń tọ̀ sí. Ọ̀bẹ tó bá kan ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹran.

Àwẹ̀ró_Ohio: Mo pààrọ̀ ọ̀bẹ. Mo fi ata rodo sí i, mo fi ẹ̀fínrín sí i. Ó ṣì ń rùn. Abo ni kẹ́ ẹ máa pa.

Ògúndé_Alabama: Ẹ gbé e wá síbí, iyán ti wà nílẹ̀.