Kì í ṣe "ìwé tábìlì kọfí": mo dábàá "ìwé àwòtúnwò"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kí a wá orúkọ fún ìwé ńlá onífọ́tò tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì àárín pálọ̀, pàápàá èyí tó dá lórí ìtàn ìlú kan, bí Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mú "ìwé tábìlì kọfí" wá, látinú "coffee table book" ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó dáhùn mú "ìwé aláwòrán" àti "ìwé pálọ̀" wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé kọfí síwájú àlejò ní Òṣogbo? Omi tútù ni, tàbí mínírà. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn láìrí ìwé náà yóò rò pé ó ń kọ́ni bí a ṣe ń po kọfí ni.

"Ìwé aláwòrán" fẹ̀ jù. Ìwé A B D àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, aláwòrán ni; ìwé sáyẹ́ǹsì náà, aláwòrán ni. Nínú àwọn yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń dá orin, àwòrán ló ń gbè é. Nínú èyí tí à ń wí, àwòrán ló ń dá a, ọ̀rọ̀ ló ń gbè. "Ìwé pálọ̀" ló sún mọ́ ọn jù, torí iṣẹ́ tí àlíbọ́ọ̀mù ń ṣe láyé àtijọ́ ni ìwé yìí ń ṣe: kí oúnjẹ tó jinná, a ó ti gbé e lé àlejò lọ́wọ́. Àmọ́ Bíbélì àti Kùránì ń bẹ ní pálọ̀, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá náà ń bẹ níbẹ̀. Ibi tí nǹkan wà kì í ṣe ohun tó jẹ́.

Èmi dábàá "ìwé àwòtúnwò": à-wò-tún-wò. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì, a ti ní àsọtúnsọ àti àwítúnwí. Ẹnìkan lè ní àwọn méjèèjì yẹn ń rùn díẹ̀, torí a kì í fi wọ́n yin ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sú etí lẹ́ẹ̀kejì, ojú lè máa béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹwàá, àwòṣífìlà sì wà níbẹ̀ tó fi hàn pé "àwò" lè gbé ìyìn.

Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ àlejò kò lè wọlé o. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ eléré orí ìtàgé àti Ulli Beier ará Jámánì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, Mbari tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò ni wọ́n mú wá. Etí Òṣogbo gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀, ó sì di Mbá-rí-mbá-yọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè rí ìdùnnú bẹ́ẹ̀ fà yọ nínú "tábìlì kọfí", màá gbà.

Orúkọ yìí ní ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé. Ìwé tó bá já lẹ́yìn ní ṣíṣí ẹ̀ẹ̀karùn-ún kò lè jẹ́ àwòtúnwò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìwé olójú-ewé 200, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó ga ní 30, lórí bébà dídán oní-150 gíráàmù fún mítà onígun-mẹ́rin kan. Ewé 100 ni. Ìwọ̀n rẹ̀ á tó gíráàmù 1,125, páálí ẹ̀yìn kò tíì sí níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù nìkan kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́, pàápàá nínú ooru tiwa. Kí wọ́n ká a ní ìdì olójú-ewé 16, kí wọ́n fi òwú rán àwọn ìdì náà pọ̀ kí gọ́ọ̀mù tó dé e. Bí fọ́nrán bébà bá dábùú ẹ̀yìn ìwé dípò kó bá a dọ́gba, ewé á máa ṣe gbúngungbùngun nígbà òjò. Bébà dídán tún burú ní ti omi: bí ó bá rin, ojú-ewé méjì á lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá fà á yóò fa fọ́tò ya.

Fọ́tò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ náà ń dójú tini. Bí píksẹ́lì 1,600 ló kù ní gígùn rẹ̀, kò lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 13 àti ààbọ̀ kó tó máa ṣe kùrukùru. Èyí tó máa gba ìbú 30 ń fẹ́ bíi 3,540.

Ibi tó kan Òṣogbo ìlú aró jù ni àwọ̀ àdìrẹ. Nínú ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin, aró kò dá dúró: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ (cyan) àti pupa rẹ́súrẹ́sú (magenta) ló ń para pọ̀ dá a. Bí wọ́n bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì sí ìdá 100 nínú 100, aró di àlùkò. Ẹ jẹ́ kí pupa wà ní nǹkan bí 70 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì gbé aṣọ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àyẹ̀wò (èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí a fi yẹ iṣẹ́ wò) nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù, kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, wọ́n tún pe ìtàn ìlú ní "ìtàn ìbílẹ̀". Lóòótọ́, nínú "ìjọba ìbílẹ̀", agbègbè ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n "ẹ̀sìn ìbílẹ̀" àti "egbòogi ìbílẹ̀" ti fà á lọ sọ́dọ̀ ohun àbáláyé. Ẹ kọ "ìtàn ìbílẹ̀ Òṣogbo" sí iwájú ìwé, olùrà á máa retí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn tó tẹ ìlú dó, àti ohùn tó ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Kò ní retí ibùdókọ̀ rélùwéè. "Ìtàn ìlú" gba gbogbo wọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò, ẹ má pè é ní "àkọlé". Iwájú ìwé ni àkọlé ń gbé. "Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán" ti tó. Kó sọ ta ni, níbo, ọdún wo, ta ló wà lápá òsì. "Àwọn ènìyàn níbi ọdún Ọ̀ṣun" kò sọ nǹkan kan. Ṣé alẹ́ iná olójúmẹ́rìndínlógún ni, àbí ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá? Ẹni Òṣogbo tó bá rí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní gba ojú-ewé tó kù gbọ́, torí òrùlé tó mọ̀ àti ojú tó mọ̀ ló ń wá kiri nínú ìwé náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí: ibi tí ojú-ewé méjì ti pàdé láàárín ìwé. Kòtò ni mo ń pè é, torí ó ń gbé nǹkan mì: bí ẹ bá tẹ́ fọ́tò ère kan láti Igbó Ọ̀ṣun sórí ojú-ewé méjì, tí imú ère bọ́ sí àárín gbùngbùn, kòtò á gbé imú náà lọ. Ṣùgbọ́n "kòtò" le létí. Kí lẹ rò?