MP wa (aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wa) kò wọlé mọ́: ta ni yóò bá mi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ físà ọkọ mi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ físà ọkọ mi ti ń pẹ́ jù ní Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ni mo bá lọ rí MP àdúgbò wa, ọmọ ẹgbẹ́ Conservative. Ó bá mi kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fèsì pé àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ la wà tí ìbò fi dé. Ní 4 Oṣù Keje 2024 ó fìdí rẹmi, ọmọ ẹgbẹ́ Labour ló wọlé. Ṣé fáìlì mi ti dé ọwọ́ MP tuntun? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé tí wọ́n bá rí lẹ́tà ará ẹgbẹ́ kejì níbẹ̀, wọ́n lè tì mí sẹ́yìn.

Bọ̀dá Thamesmead: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Ẹni tó ń lọ máa ń kó fáìlì fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà máa retí.

Àǹtí Lọ́yà: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 30 Oṣù Karùn-ún tí wọ́n ti tú ilé aṣòfin ká, kò sí ẹni tó ń jẹ́ MP mọ́ títí ìbò fi parí, àti àwọn tó padà wọlé pàápàá. Ọ̀rọ̀ àṣírí wà nínú fáìlì yín, MP àtijọ́ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ yín. Bí wọn ò bá kàn sí yín gba àṣẹ yẹn, ẹ kà á sí pé ẹni tuntun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ kọ̀wé sí i fúnra yín. Ẹ fi àdírẹ́sì àti postcode (àmì àdúgbò tó máa ń wà nínú àdírẹ́sì) sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà tí Home Office fún ọkọ yín àti èsì tí wọ́n ti fún yín. Ìwé ọkọ yín ò sọnù o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í bá ìbò lọ. Alágbàwí nìkan ni kò sí mọ́.

Ìyá Ìbejì: Háà! Èmi ti jókòó tí mò ń retí ìpè. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ńkọ́?

Bàbá Peckham: Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé lo fi ń wò ó. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní ẹkùn ìdìbò ni MP ń ṣiṣẹ́ fún, ì báà dìbò fún un, ì báà má dì. Àwọn Conservative 121 tó wọlé nínú ìbò yìí náà ń kọ̀wé sí àwọn mínísítà Labour tó gba ìjọba. Bim Afolami, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ mínísítà nílé iṣẹ́ ìṣúná, pàdánù ìjókòó Hitchin. Àwọn tó gbé ẹjọ́ wá fún un náà á tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Tèmi Chatham: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jẹ́ MP yín gan-an lórí ìkànnì ilé aṣòfin. Wọ́n tún ààlà ẹkùn ìdìbò pín kí ìbò yìí tó wáyé, MP kì í sì í gba ẹjọ́ ará ẹkùn mìíràn. Ìsinmi ni wọ́n wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án 2024, àmọ́ ọ́fíìsì wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní sùúrù fún wọn díẹ̀: nínú 650, 335 ni kò ṣe MP rí, àwọn mìíràn ṣì ń wá òṣìṣẹ́.

Bọ̀dá Thamesmead: Mo gbà fún yín. Àbá òfin tí kò ní jẹ́ kí onílé lé ayálégbé láìsọ ìdí ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ti bá ilé lọ?

Àǹtí Lọ́yà: Ó ti bá a lọ. Àbá tí kò bá tíì di òfin kí ilé tó tú, ó kú nìyẹn. Ọba Charles ti kéde ní 17 Oṣù Keje pé ìjọba Starmer, olórí ìjọba tuntun láti ẹgbẹ́ Labour, yóò gbé òmíràn wá, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 tí a wà yìí kò tíì di òfin, onílé ṣì lè lé yín láìsọ ìdí. Ilé tuntun yìí ní àyè o: 9 Oṣù Keje ló kọ́kọ́ jókòó, ó sì lè lo ọdún márùn-ún, àfi bí olórí ìjọba bá ní kí Ọba tú u ká ṣáájú.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn ló dá mi lóhùn, ó ní kí n fi postcode ránṣẹ́. Ṣé kí ọkọ mi kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni?

Àǹtí Lọ́yà: Bẹ́ẹ̀ ni. Kó kọ ọ́ pé òun gbà kí MP bá Home Office sọ̀rọ̀ nípa òun, kó buwọ́ lù ú, kó ya á ní fọ́tò. Ẹ fi í ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ postcode yẹn.