Ṣé "ìtọ́jú kúkúrú" náà la ó máa pè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká fi "ìtọ́jú kúkúrú" túmọ̀ brief intervention, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ táwọn sàíkọ́lọ́jíìsì (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá) máa ń bá ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró fẹ́ kó sí wàhálà sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹnu mi ò gbà á. Ti kúkúrú yẹn ò le, ìsinmi ránpẹ́ la máa ń sọ, ká kàn fi ránpẹ́ rọ́pò ẹ̀.

Ìtọ́jú gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn là ń tọ́jú, dókítà ló mọ ohun tó máa ṣe, aláìsàn á kàn gbé oògùn mì. Nǹkan yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ò tíì di ọ̀mùtí paraku, ó tiẹ̀ lè jẹ́ orí fífọ́ ló gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n á wá ní kí wọ́n dáhùn AUDIT, ìbéèrè 10 nípa ọtí mímu tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, máàkì ẹ̀ lọ láti 0 dé 40, tó bá ti lè tó 8 ó ti yẹ ká bá onítọ̀hún jókòó sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Láti 0 dé 10, báwo ló ṣe ṣe pàtàkì sí yín tó pé kẹ́ ẹ dín ọtí kù?" Ó ní 4. Tó bá jẹ́ àwa ni, a máa ní kí ló dé tí kì í ṣe 10, ìjà dé nìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ọtí. Wọn ò ní bi í bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú 1?" Òun fúnra ẹ̀ á wá máa to ìdí sílẹ̀, mi ò rí oorun sùn mọ́, ìyàwó ń bínú, owó ń lọ. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi ń wàásù fún ara ẹ̀! Ara ọgbọ́n tí William R. Miller, sàíkọ́lọ́jíìsì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ẹ̀ ní 1983 nìyẹn, kí òun àti Stephen Rollnick tó wá jọ fẹ̀ ẹ́ lójú.

Lójú tèmi o, ìfikùnlukùn ránpẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan ní fífikùnlukùn ń rùn bí ọ̀tẹ̀, ṣèbí tọkọtaya náà ń fikùn lukùn, ta ló pè é lọ́tẹ̀? "Ìgbaninímọ̀ràn" sàn díẹ̀, àmọ́ níbẹ̀ ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ń mi orí.

Orúkọ ìtọ́jú yẹn tún máa ṣèlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. Ọ̀rọ̀ ránpẹ́ yìí máa ń mú káwọn tó ń mu ọtí jù dín in kù, díẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ìwádìí méjì tó dán an wò fáwọn tó ń lo oògùn olóró, tó jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2014 ò rí ìyàtọ̀ gidi kankan. Ẹni tó ti di bárakú fún, ìtọ́jú gangan ló nílò, kí la ó wá máa pe ìyẹn?

"Ajoògùnyó" tí wọ́n kọ síwájú fún ẹni tó ń lo oògùn olóró náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. John F. Kelly, olùwádìí kan nípa bárakú, dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2010, ìtàn kan náà ni wọ́n fún àwọn elétò ìlera kà, orúkọ tí wọ́n pe ẹni náà nìkan ló yàtọ̀, àwọn tó ka orúkọ burúkú yẹn ló túbọ̀ gbà pé ẹ̀bi onítọ̀hún ni, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. "Ẹni tí oògùn ń yọ lẹ́nu" tó mi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju ìfikùnlukùn lọ kó mú un wá, àmọ́ ìtọ́jú, mi ò fọwọ́ sí i.